"Áktọ̀ kì í kú": ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù ìjà ní Àkúrẹ́, ìbáà jẹ́ yàrá àwọn ọmọ FUTA, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba, tí ẹnì kan kò ní sọ ọ́ nígbà tí ìbọn bá ń dún lákọlákọ: "Ẹ fọkàn balẹ̀, áktọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sì, ọ̀gá àwọn ọ̀tá, ló máa kú." Irọ́ ni. Áktọ̀, ìyẹn akọni inú fíìmù, ń kú, ó sì ti ń kú tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Bruce Lee bẹ̀rẹ̀. Nínú Fist of Fury, 1972, Chen Zhen gbẹ̀san ikú ọ̀gá rẹ̀ tán, ó wá fò sókè síwájú àwọn tó na ìbọn sí i. Àwòrán dúró sójú kan, ìbọn dún, fíìmù parí. Ripley, obìnrin akọni tó ń bá ẹranko abàmì jà, kú nínú Alien 3 ní 1992. Bruce Willis fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́ǹbù nínú Armageddon ní 1998. Wolverine, tí egbò rẹ̀ máa ń jinná kéèyàn tó ṣẹ́jú, kú ní 2017. James Bond pàápàá, tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ikú láti 1962, kú nínú No Time to Die ní 2021.

Síídì ogún-nínú-ọ̀kan ló kó ọ̀rọ̀ yìí bá wa. Nígbà tí síídì ṣì wọ́pọ̀, fíìmù akọni kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kó jọ sórí irú síídì bẹ́ẹ̀, ẹni tí èèyàn bá sì rí nínú fíìmù ogún, ó di dandan kó dà bí ẹni tí kò lè kú.

Ẹ wo Rambo. Nínú ìwé tí David Morrell kọ ní 1972, ó kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, wọ́n ya ibi tó ti kú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn kò fẹ́ ẹ rárá, ni wọ́n bá lo ìparí mìíràn, èyí tí wọ́n ti mú un lọ láàyè. Ọdún 1982 nìyẹn. Àwọn tó tẹ̀lé e jáde ní 1985, 1988, 2008 àti 2019. Òǹwòran ló gbà á lọ́wọ́ ikú, kì í ṣe agbára apá.

Terminator 2, 1991, ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí wò dáadáa. Ohun tí ìtàn náà gbé lé àwọn akọni rẹ̀ lọ́wọ́ ni pé kí Skynet, kọ̀ǹpútà tó fẹ́ pa aráyé run lọ́jọ́ iwájú, má ṣeé dá sílẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ti ń ṣèwádìí lórí chip (ọpọlọ ẹ̀rọ) àti apá tí ẹ̀rọ apààyàn inú fíìmù àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n jí méjèèjì, wọ́n jù wọ́n sínú irin yíyọ́. Òǹwòran rò pé ó parí. Ẹ̀rọ onírísí èèyàn tí Schwarzenegger kó ipa rẹ̀ wá tọ́ka sí orí ara rẹ̀: chip kan ṣì kù. Bó bá wà láàyè, gbogbo làálàá wọn já sásán. Òǹkọ̀wé tún wá fún okùn náà le sí i: wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà kó má lè pa ara rẹ̀. Sarah Connor, obìnrin tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà jù, tí kò sì fọkàn tán an, ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èyí tí kò kú náà kì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú Die Hard, 1988, ẹni tó jókòó ti McClane, ọlọ́pàá tó jẹ́ akọni ibẹ̀, nínú bàálù gbà á nímọ̀ràn pé kó bọ́ bàtà, kó máa fi ìka ẹsẹ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí àwàdà lásán. Ó ti bọ́ bàtà náà nígbà tí àwọn olè wọlé, ló bá di pé ẹsẹ̀ lásán ló fi ń jà. Hans Gruber, olórí àwọn olè náà, rí ẹsẹ̀ yẹn, ó ní kí wọ́n yìnbọn fọ́ gíláàsì. Ìgbà tí McClane ń yọ àfọ́kù kúrò lẹ́sẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ tó là lórí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ láti sọ ohun tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójúkojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ibí yìí ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú-ewé kan nínú ìwé eré ń lọ sí bí ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù. Bí wọ́n bá yìnbọn bá akọni yín lápá ní ojú-ewé 30, tó wá ń fi apá kan náà gun ògiri ní ojú-ewé 34, ìbọn dún o, kò dún o, kò tún ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan: ibo ló ń dùn ún, kí ni kò lè ṣe mọ́, ta ló mọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa á, ẹ gbin ìdí rẹ̀ kí eré tó dé ìdajì. Ikú tó já lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìparí torí pé òṣèré àti olówó eré ń bára wọn jà, gbogbo èèyàn ló ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní, "Ó kú lóòótọ́, àmọ́ ó máa padà." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Spock inú Star Trek kú ní 1982, ó padà ní 1984. Michael Scofield nínú Prison Break kú ní 2009, ó yọjú ní 2017, wọ́n sì ní láti máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe purọ́ ikú rẹ̀. Ripley náà padà ní 1997, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní 200 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni, tí ẹ̀jẹ̀ ẹranko abàmì tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó kú sì ti dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ripley tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú, kò sì padà.