Búkúmáàkì 500 kò lè pe oníbàárà kan

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè ní Kubwa, Abuja, pè mí lóṣù tó kọjá pé kí n bá àwọn yẹ ojú òpó àwọn wò. Wọ́n ti sanwó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣe ìlérí méjì: yóò fi línkì wọn sórí ojú òpó búkúmáàkì 500, ìyẹn ibi téèyàn ń tọ́jú línkì ojú ìwé tó wù ú sí, yóò sì lẹ táàgì 40, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sàmì sí nǹkan, mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó fi àkọsílẹ̀ línkì náà ránṣẹ́, ó sì pé géérégé. Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù kò yàtọ̀: ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará àdúgbò, àti ẹni tí oníbàárà àtijọ́ júwe wọn fún. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ṣé jìbìtì lọmọ yìí lù mí ni?”

Mi ò lè pè é ní jìbìtì, torí ọmọ náà gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Mo ń gbọ́ ọ ní Wuse, mo ń gbọ́ ọ ní Mararaba, wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: lẹ táàgì rẹpẹtẹ, ju línkì rẹ síbi gbogbo tó bá gbà á, èrò á máa wọ́ wá.

Ó níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 2003, Joshua Schachter dá ojú òpó búkúmáàkì kan tó ń jẹ́ del.icio.us (Delicious) sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ojú ìwé tó o bá tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà kan kì í sábà bá ọ dé orí òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo kọ̀ǹpútà kaféè rí mọ ìyà yẹn. Delicious jẹ́ kí èèyàn tọ́jú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi ọ̀rọ̀ tó wù ú sàmì sí i, kí àwọn ẹlòmíràn sì rí ohun tó tọ́jú. Digg, níbi táwọn òǹkàwé ti ń dìbò fún ìròyìn tó wù wọ́n, tẹ̀ lé e lọ́dún 2004, Yahoo sì ra Delicious lọ́dún 2005. Láyé ìgbà náà, bí ìròyìn kan bá gorí ojú ewé àkọ́kọ́ Digg, èrò lè ya lọ síbẹ̀ débi tí sáfà onítọ̀hún, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ojú òpó rẹ̀ dúró, á fi dákú. Irọ́ kọ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń fa èrò náà. Àjèjì kan ló rí nǹkan tó wúlò, tó tọ́jú rẹ̀ fún ara rẹ̀, tí ẹlòmíràn wá rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ojú òpó kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà gbọ́ pé ibẹ̀ lèrò wà, wọ́n ya bò ó, kálukú ń tọ́jú línkì ara rẹ̀, àwọn tó wá kàwé sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ta Digg lọ́dún 2012. Pinboard, ojú òpó búkúmáàkì mìíràn, ra Delicious lọ́dún 2017, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi nǹkan tuntun síbẹ̀ mọ́. StumbleUpon, tóun náà ń júwe ojú ìwé fún èèyàn, kógbá sílé lọ́dún 2018. Kí wá ni 500 tí ẹ̀gbọ́n sanwó fún? Mo ṣí bí ogún nínú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọjà tí gbogbo èèyàn pàtẹ sí ni, tí kò sẹ́ni tó wá rà.

Àwọn kan á ní, “Bí èèyàn ò bá tiẹ̀ kà á, ṣebí Google á rí línkì náà?” Òótọ́ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Google ti ń fi línkì díwọ̀n iyì ojú ìwé. Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2005, Google, Yahoo àti MSN fẹnu kò lórí àmì kan tí wọ́n ń pè ní nofollow, tó ń sọ fún ẹ̀rọ àwárí pé kó má ka línkì kan sí ìyìn. Ọ̀pọ̀ ojú òpó búkúmáàkì ló ń lo àmì náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Google gbé àtúnṣe kan tí wọ́n ń pè ní Penguin jáde sínú ẹ̀rọ àwárí rẹ̀ láti mú àwọn tó ń kó línkì ayédèrú jọ. Lónìí, òfin Google lórí línkì dárúkọ línkì orí ojú òpó búkúmáàkì tí kò níyì ní tààràtà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má jáyà, kí wọ́n má sì san owó mìíràn fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá wọn pa á rẹ́. Irú wọn ni Google sábà máa ń fojú fò.

Ti táàgì ló gba àlàyé jù, torí orúkọ kan náà la fi ń pe ohun mẹ́rin márùn-ún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kó pamọ́ sí orí ojú ìwé, tí wọ́n ń pè ní keywords, Google kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 pé òun kì í lò ó láti to èsì. YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé táàgì kò fi bẹ́ẹ̀ ran fídíò lọ́wọ́, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn sábà ń ṣi kọ.

Táàgì orí WordPress, ètò tí wọ́n fi ṣe ojú òpó ẹ̀gbọ́n, tún yàtọ̀: kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí ojú ìwé tirẹ̀. Aṣọ kan, táàgì 40. Ojú òpó ẹ̀gbọ́n ti kún fún yàrá òfìfo tí aṣọ kan ṣoṣo rọ̀ sí. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé bí ẹtù bá pọ̀, o lè kọ “ẹtù” sára pẹpẹ rẹ̀, kó o kọ “sányán” àti “àlàárì” sára tiwọn. Ẹni tó ti wọlé nìyẹn wà fún. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì Kubwa kò rí i.

Táàgì méjì wà tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bá ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn wọ́n. Àkọ́kọ́ ni àkọlé ojú ìwé, èyí tí Google sábà ń gbé jáde nínú èsì àwárí. “Home” ni tiwọn ń jẹ́! A yí i padà sí aṣọ òkè ìgbéyàwó ní Kubwa, Abuja, a sì kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, torí bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Èkejì ni Open Graph, tí Facebook gbé jáde lọ́dún 2010. Òun ló ń sọ àwòrán àti àkọlé tó máa hàn bí ẹnikẹ́ni bá ju línkì yín sórí WhatsApp. Línkì ìhòòhò ni ti ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀. Ní Abuja wa yìí, níbi tí ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní gúrúùpù tirẹ̀, bí ìyá ìyàwó bá ju línkì yín sí gúrúùpù ẹbí, búkúmáàkì tòótọ́ nìyẹn. Ẹ rántí pé Google Analytics, ẹ̀rọ tó ń ka èrò ojú òpó, sábà máa ń ka irú èrò bẹ́ẹ̀ sí “Direct”, bíi pé wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ àdírẹ́sì náà, ìdí nìyẹn táwọn kan fi rò pé WhatsApp kò mú ẹnikẹ́ni wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi iye èrò tó kó wá hàn yín, ẹ bi í léèrè mélòó nínú wọn ló dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, tàbí tó ṣí ojú ìwé kejì.

Lẹ́yìn náà la ṣí Search Console ti Google, ọ̀fẹ́ ni, láti wo ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí wọn. Wọ́n ń béèrè iye tí aṣọ ẹbí èèyàn àádọ́ta máa ná wọn, bí híhun rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó, àti bóyá ẹ lè gbé e dé Gwarinpa tàbí Lugbe. Kò sí ojú ìwé kan tó dáhùn. A jókòó kọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: ìdì tó máa tó agbádá, èyí tó máa tó ìró àti gèlè, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ahunṣọ wọn ní Ìsẹ́yìn ń lò kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ bọ̀ ní Abuja. Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ ọ́, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fi táàgì rọ́pò ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn.

À ń yọ àwọn táàgì náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Mẹ́ta la fi sílẹ̀ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan: irú aṣọ, àwọ̀ rẹ̀, àti ayẹyẹ tí wọ́n ń rà á fún.