Ẹ mọ̀ wá, àwa ò mọ̀ yín

Ojú wa ń rí màbo lọ́wọ́ àwọn jọ́nà òkè òkun yìí, àwọn ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde! Wàá kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ tán, wàá fi ránṣẹ́, kẹ́kẹ́ á sì pa. Oṣù á máa gorí oṣù. O ò sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ síbòmíràn, torí wọ́n ti ṣòfin pé jọ́nà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi nìkan wá ni òfin dè? Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé níbi iṣẹ́, ìgbìmọ̀ ò ní bi mí bóyá olùyẹ̀wò kan, ìyẹn onímọ̀ tí jọ́nà ní kó yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, sùn lé iṣẹ́ mi. Mélòó ni mo tẹ̀ jáde ni wọ́n máa bi mí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé olùyẹ̀wò mọ orúkọ mi, ó mọ yunifásítì mi, ó mọ̀ pé Nàìjíríà ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ ẹni tá a jọ ń du ìwádìí kan náà! Lórí iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn, olùyẹ̀wò kìíní ní iṣẹ́ náà dáa, kí n kàn tún àtẹ kan ṣe. Ìkejì kọ ìlà díẹ̀ péré, ó ní kí n lọ wá ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí rẹ̀ kó bá mi tún un kọ. Kò tọ́ka sí gbólóhùn kan ṣoṣo. Tìkejì yẹn ni olóòtú tẹ̀ lé, ó sì dá iṣẹ́ mi padà.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ìbínú lásán ni. Nínú ìwádìí kan tí Jürgen Huber, onímọ̀ nípa ìṣúná, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2022, wọ́n fi àpilẹ̀kọ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n rí orúkọ Vernon Smith, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel, nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tó jẹ́ orúkọ ọ̀dọ́ olùwádìí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ni wọ́n rí, ó fò sókè di 65. Iṣẹ́ kan náà o!

Mo mọ̀ pé wọn kì í sábà sanwó fún olùyẹ̀wò. Èmi náà ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì máa ń kà á látòkè délẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ló ń kó èrè lọ.

Ẹ bo orúkọ wa mọ́ olùyẹ̀wò lójú bẹ́ ẹ ṣe bo tiẹ̀ mọ́ wa. Ẹ fún wọn ní gbèdéke ọjọ́. Bí olùyẹ̀wò bá sì kọ ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí, ẹ̀yin olóòtú, òun ni kẹ́ ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún!