Ìjàpá tàbí Isabella: èyí tí èmi ó rà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, èrò ọkàn mi rèé. Bó bá jẹ́ owó mọ́tò Jámánì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ń wo Volkswagen Ìjàpá àti Borgward Isabella, Isabella ni kí ẹ rà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní gbà. Ta ni ò fẹ́ràn Ìjàpá nílẹ̀ wa? Òun ni bàbá mi fi ń gbé wa lọ sílé ìwé. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò sí pé à ń bu omi sí rédíétọ̀. Àwọn ti ìgbà 1950 ò tilẹ̀ ní géèjì epo. Bí ọkọ̀ bá ti ń wúkọ́, awakọ̀ á yí nǹkan kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìwọ̀nba epo tó ṣẹ́kù á sì máa ṣàn lọ.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá lé ní mílíọ̀nù 21 kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Mexico lọ́dún 2003. Kò ní ṣaláìrí ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ láéláé. Ilé iṣẹ́ Borgward ní Bremen wó lọ́dún 1961, gbogbo Isabella tí wọ́n sì ṣe láti 1954, díẹ̀ ló fi lé ní 200,000. Ọmọ òrukàn ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí agbára ẹṣin ẹ́ńjìnì Ìjàpá jẹ́ 30, ti Isabella ti jẹ́ 60, TS, ìyẹn Isabella tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára jù, sì ní 75! (Ìjàpá tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì, ti ìṣáájú oṣù Kẹta 1953, nìkan ló lè mú mi dúró rò ó.)

Ẹ ṣọ́ra fún ìpáàrà o. Bóòtù ni wọ́n fi de ara Ìjàpá mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ lè tú u, kí wẹ́dà ráyè jó abẹ́ rẹ̀. Ti Isabella, ara àti ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ìpáàrà tó bá wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, egungun ọkọ̀ ló ń jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ìka kàn án. Bó bá dún kẹ̀ǹ, irin ni. Bó bá dún pọ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò.

Isabella mẹ́ta ni mo ti kàn báyẹn. Méjì ti jẹrà. Ẹ̀kẹta, TS aláwọ̀ búlúù ti 1958, òun ni mò ń dáwó jọ fún báyìí.