Ariwo kọ́ ló ń ya yìnyín lulẹ̀ lórí òkè

Lọ́jọ́ Àìkú, màmá mi ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní pálọ̀ wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Kánádà ni àbúrò mi ń gbé, ó sì ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ lọ gun òkè tí yìnyín bò. Màmá ní, "Ẹ má pariwo níbẹ̀ o! Bí ẹnì kan bá kígbe, gbogbo yìnyín yẹn á ya lù yín." Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú fíìmù ni gbogbo wa ti rí i.

Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí pé ìkìlọ̀ tí kò lè gba ẹnikẹ́ni là yìí la fi ń sin àwọn ọmọ wa lọ.

Igbe èèyàn kò lágbára tó. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń rìn lórí yìnyín ń tẹ̀ ẹ́ ju bí igbe ṣe lè tì í lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Àwọn tó ń ṣọ́ títì orí òkè pàápàá, àdó olóró ni wọ́n ń yìn láti ya yìnyín lulẹ̀ kí mọ́tò tó kọjá. Ká ní igbe tó ni, kí ni wọ́n ń fi àdó ṣe?

Ìpele ìpele ni yìnyín ń gorí ara wọn. Nígbà míì, ìpele ìsàlẹ̀ á rí wóróworó bíi ṣúgà, kò ní lẹ̀ mọ́ra, èyí tó dì bíi pákó á sì jókòó lé e. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè mọ ibi tí èèyàn ti ń wá nǹkan dì mú. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ló léwu jù. Ẹsẹ̀ kan á fọ́ ìpele ṣúgà yẹn, fífọ́ náà á sáré tàn kálẹ̀ lábẹ́, pákó á sì yọ̀ lọ. Nínú ìjàǹbá tó pa èèyàn, nǹkan bí 9 nínú 10 ló jẹ́ pé ẹni tó kú tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ló tẹ̀ ẹ́ ya.

Mo ṣe irú rẹ̀ ní kíṣìnì kí màmá lè fojú rí i. Mo tẹ́ táwẹ̀lì sórí tírè, mo da ṣúgà sí i, mo bu fúláwà lé e, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dì. Mo gbé etí tírè sókè díẹ̀díẹ̀. A kígbe, a pàtẹ́wọ́, kò mira. Mo wá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láàárín: ó là tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yọ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì. Màmá ń wo ṣúgà tó kù lórí táwẹ̀lì, kò sọ̀rọ̀.

Ariwo kan wà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ṣá: èyí tí yìnyín fúnra rẹ̀ bá ké. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ tó dún "húùm̀" lábẹ́, ìpele ìsàlẹ̀ ló wó yẹn. Kí wọ́n kúrò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kíá. Bí yìnyín bá sì bò ẹnì kan mọ́lẹ̀, nǹkan bí 9 nínú 10 ló ń yè bí wọ́n bá wú u jáde láàárín ìṣẹ́jú 10. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 30, ó ti já sí nǹkan bí 3. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ló lè tètè wú u, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ara wọn, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá ẹni náà àti ṣọ́bìrì bá wà lọ́wọ́ wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá tún pe àbúrò mi: "Ọkọ mi, ṣé ẹ ti wo ohun tí wọ́n kéde nípa ewu yìnyín lórí òkè yẹn lónìí? Ta ló gbé ṣọ́bìrì dání nínú yín?"