Ojú Irin Àtijọ́ Bakewell: Ẹ Má Gbà Á Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn kan ti ń pè fún un pé kí ọkọ̀ ojú irin padà sí ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ Bakewell, ìlú ọjà kan ní Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọjá lọ sí Buxton. Ọ̀nà yìí ni àwọn ará ìlú ń pè ní Monsal Trail, tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn láti ọdún 1981. A kò fara mọ́ ìpè náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Manchester, Sheffield àti Derby, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà sí wọn rárá.

Ní ọdún 1862 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ Bakewell, ọdún kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ dé Buxton. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀: wọ́n dá ihò lu àwọn òkè olókùúta, wọ́n sì na afárá gíga kọjá lórí odò Wye ní Monsal, èyí tó bí òǹkọ̀wé John Ruskin nínú púpọ̀, tó ní wọ́n ti ba ẹwà àfonífojì náà jẹ́. Ní ọdún 1968 ni ìjọba ti ọ̀nà náà pa. Nígbà tó di ọdún 1980, ó bọ́ sọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìtura Peak District.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí à ń jà fún, kó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ń ná ọjà Bakewell. Kó kọjá lórí afárá òkúta àtijọ́ tó wà létí ìlú, kó gun òkè lọ sí ibi tí ibùdókọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ibi tó le jù nínú ìrìn náà nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tó dà gọ̀ǹgọ̀, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà náà tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ fún máìlì mẹ́jọ ààbọ̀, ní àgbègbè tó jẹ́ pé òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ibòmíràn. Láàárín rẹ̀ ni ihò Headstone wà, tó gùn tó ìdajì kìlómítà. Atẹ́gùn tútù máa ń fẹ́ níbẹ̀ kódà nígbà oòrùn, omi ń kán láti òkè, iná tí wọ́n tàn sí i ni à ń tẹ̀ lé. Bí a bá ṣe ń jáde báyìí, orí afárá gíga náà gan-an ni à ń bọ́ sí, tí odò àti pápá yóò sì tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ wa. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè dé ibẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ náà lè dé ibẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le tún lè gba abúlé Ashford padà sí Bakewell létí odò.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé mọ́tò pọ̀ jù lójú pópó A6, pàápàá nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ìgbìmọ̀ Derbyshire ní ọdún 2004 fi hàn pé owó tí yóò wọlé kò ní tó ìnáwó rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ti fagi lé ètò tó ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó ní oṣù Keje ọdún 2024. Ìlérí àwọn tó fẹ́ ọkọ̀ ojú irin pé àwọn yóò wá ọ̀nà mìíràn fún ẹlẹ́sẹ̀ ló ń kọ wá lóminú jù. Níbo ni wọ́n fẹ́ là á gbà? Àfonífojì náà há, ojú irin sì ti gba ibi kan ṣoṣo tó tẹ́jú. Kó tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2011, tí wọ́n ṣí àwọn ihò mẹ́rin tó gùn jù fún ará ìlú, ipa ẹsẹ̀ tó gba orí òkè ni wọ́n ń darí èèyàn sí tí wọ́n bá dé ẹnu ihò, ibẹ̀ sì ni ìrìn aláàbọ̀ ara ti ń parí.

Ọkọ̀ ojú irin láti Derby ṣì ń dé Matlock, èyí tó ń bọ̀ láti Manchester náà sì ń dé Buxton. Kí ìjọba fi owó sí bọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀ lemọ́lemọ́ láàárín ìlú méjèèjì àti Bakewell, títí di alẹ́ àti ní ọjọ́ Àìkú, nítorí bíi máìlì mẹ́jọ péré ni Matlock sí Bakewell. Kí àjọ ọgbà ìtura náà sì kọ ọ́ sínú ètò ìlò ilẹ̀ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ Monsal Trail di ojú irin padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la òmíràn tó tẹ́jú bíi tirẹ̀, kí àwọn aláàbọ̀ ara sì ti gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n tó ti èyí tó wà nílẹ̀ pa.