Ta Ni Yóò Máa Wakọ̀ Nígbà Tí O Bá Sùn? Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Wá Wa Tírélà ní Amẹ́ríkà

Kò sí oṣù kan tí ọmọ Ògèrè tàbí ọmọ Ìperu kan kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun fẹ́ wá wa tírélà ní Amẹ́ríkà, àti pé òun ti gbọ́ pé ẹni tó bá gbà láti bá ẹnì kejì wa ọkọ̀ kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní tíìmù níhìn-ín, ni owó máa ń tètè wọlé fún. Mo ti dá púpọ̀ nínú wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ìdáhùn mi kì í yí padà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí: ẹni tuntun kò gbọdọ̀ wa tíìmù ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò lè sọ fún lójúkojú pé, "Ẹ dúró, oorun ti ń kùn yín." Èmi gbà láti wa irú tíìmù bẹ́ẹ̀, mo sì rí ohun tó wà níbẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti físà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn dá fífún awakọ̀ tírélà ní físà iṣẹ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lórí ìlérí irú físà bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó fẹ́ gbé e gbà kí ẹ tó tú àpò. Àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ń bọ̀ nípasẹ̀ ọkọ, aya tàbí òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí pé ọ̀nà tí èmi náà gbà wá nìyẹn.

Òfin tó bí tíìmù rọrùn láti yé ni. Awakọ̀ kan kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ láàárín wákàtí 14 tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti sinmi fún wákàtí 10 gbáko kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó so mọ́ ẹ́ńjìnì tó ń ka wákàtí tí ọkọ̀ fi ń rìn, kò sì rọrùn láti dá ọgbọ́n sí i. Tírélà tí ẹnì kan ń wà yóò wà lójú kan fún wákàtí tó pọ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹni méjì bá wà níbẹ̀, bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni èkejì ń gorí ìjókòó, ọkọ̀ kò sì ní dúró àfi láti ra epo, láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí láti ra oúnjẹ. Wọ́n lè rin 1,000 máìlì ní ọjọ́ kan, ìyẹn bíi kìlómítà 1,600, èyí tó ju ìlọ́po méjìlá ọ̀nà màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ. Òfin ka wákàtí tí ẹ bá lò lórí ibùsùn tó wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ sí ìsinmi, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń sáré lọ. Òfin kò béèrè bóyá ẹ sùn.

Iye máìlì tí ẹ bá rìn ni wọ́n ń san owó lé lórí. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé sẹ́ǹtì 50 ni ẹni tó ń dá wakọ̀ ń gbà lórí máìlì kan, tó sì rin 500 máìlì lóòjọ́: dọ́là 250 nìyẹn. Bí tíìmù bá ń gba sẹ́ǹtì 60, tí wọ́n sì rin 1,000 máìlì, dọ́là 600 ni, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni yóò pín in, ó di 300 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí dọ́là 50 tó fi lé yẹn ni ẹ ó ṣe gbé inú yàrá kan tí kò tó ibi tí ìyá wa ń kó igi ìdáná sí, pẹ̀lú ẹni tó ń hanrun, tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ni sẹ́ǹtì 60 yẹn máa ń dùn mọ́ nínú nítorí pé wọn kò tíì fi 2 pín in.

Gáréèjì tírélà Ògèrè ni ìyá mi ti ta ìrẹsì àti ẹ̀wà tó fi rán mi níléèwé. Mo mọ oorun àwọn awakọ̀ láti kékeré; mo ti rí àwọn tó tẹ́ ẹní sábẹ́ tírélà, tí ariwo gbogbo gáréèjì kò sì jí wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò sí irú ibi tí n kò lè sùn sí. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí mo sì gba láísẹ́ǹsì, ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú kan ní Rẹ́mọ, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, ní kí àwa méjèèjì jọ wakọ̀. Ìyá mi fi ìdùnnú gbàdúrà fún wa lórí fóònù. Ọmọ ìyá ni a pe ara wa lọ́jọ́ náà, ilé iṣẹ́ sì fún wa ní ọkọ̀ kan.

Ní òru kẹta, a wà lójú ọ̀nà I-80 ní Nebraska, èmi ni mo wà lórí ibùsùn. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà níhìn-ín máa ń gbẹ́ ìlà gbágungbàgun sí etí títì, kí táyà lè pariwo bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ariwo yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo la ojú. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣí aṣọ ìkélé, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń jẹ obì gbànja tó gbé wá láti Ṣágámù, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó ni wọ́n fi tọ́ mi, ọmọdé kì í sì í pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n lórí ohun tó gbé dání. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ tó múra jù àti ẹṣin tó bọ́ mọ́ ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́, títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sùn, tí èmi sì wakọ̀ fún ohun tó kù díẹ̀ kó pé wákàtí 11 láìfi ojú kan oorun. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti sinmi wákàtí 10.

Ní Wyoming, níbi tí atẹ́gùn òtútù ti máa ń bi tírélà òfìfo ṣubú, mo sọ ọ́ níkẹyìn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ páàkì, oorun ń kùn yín." Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi pè mí láti Ògèrè pé ẹnì kan nínú ẹbí ẹ̀gbọ́n náà ti wá fi ẹjọ́ mi sùn ní ìsọ̀ òun, pé mo ti dé Amẹ́ríkà mo sì ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí ilé iṣẹ́ yà wá, wọ́n sì rán mi létí pé mo ti fọwọ́ sí ìwé pé n óò ṣiṣẹ́ fún ọdún kan nítorí owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n san fún mi, pé tíìmù ni mo sì gbà. Oṣù mẹ́rin ni a lò. A kò kọlu ohunkóhun, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n mi.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé kí ẹ ṣáà ti wá ọmọ ìlú yín kí ẹ jọ wakọ̀. Àjèjì tí ẹ lè pariwo mọ́ sàn ju ìbátan tí ẹ gbọ́dọ̀ máa kúnlẹ̀ fún, nítorí pé orí títì kò mọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tuntun méjì, ọ̀ràn náà wúwo sí i: kò sí ẹni tó ti wakọ̀ lórí yìnyín rí nínú yín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń so ṣéènì mọ́ táyà lórí òkè kó má bàa yọ̀.

Tíìmù tó dára wà. Mo mọ ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú-Igbó kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wakọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Àpò kan ni owó wọn ń bọ́ sí, obìnrin náà kì í sì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní kí ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé kí ẹni tuntun bá olùkọ́ rẹ̀ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ nínú òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú: ní àwọn ilé iṣẹ́ kan, olùkọ́ ni wọ́n ń san owó gbogbo máìlì fún, ìyẹn àti tirẹ̀ àti ti ọmọ ẹ̀kọ́, nítorí náà ni ó ṣe máa ń yá òun lára láti lọ sùn kí ẹ̀yin máa wakọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ bèèrè pé wákàtí mélòó ni olùkọ́ yóò fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín kó tó lọ sórí ibùsùn. Ẹ bèèrè pé bí ẹ bá fẹ́ kúrò nínú tíìmù, ṣé ọkọ̀ mìíràn wà tí ẹ ó dá wà, àbí gbèsè ni wọn yóò nà sí yín. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí ẹ mọ̀ ni ẹ fẹ́ bá lọ, ẹ sọ fún un nílé, kí ẹ tó gbéra, pé ẹni tó bá wà lórí ibùsùn ló ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, láìsí àlàyé, láìsí ẹ̀bẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dé Ògèrè. Bó bá fi rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni o fẹ́ máa pàṣẹ fún?", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.