Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kì í ṣe òfin Bẹ̀nẹ̀

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: wọ́n ní òfin ilẹ̀ wa ń fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin sẹ́wọ̀n ọdún 14, àti pé ẹni tó bá rí i lè lù ú. Irọ́ ni.

Òfin Nàìjíríà ni wọ́n gbé sọdá bodè. Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i ní 2014: ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Rédíò ọ̀hún la sáà ń gbọ́ níbí, kò yà mí lẹ́nu.

Ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí òfin tó ń fìyà jẹ àgbàlagbà méjì tó gbà fún ara wọn torí pé akọ ni àwọn méjèèjì. Lóòótọ́, òfin ẹbí 2004 kò mọ ìgbéyàwó mìíràn ju ti ọkùnrin àti obìnrin lọ, bí onílé bá sì lé irú wọn jáde, kò sí òfin tó dárúkọ wọn láti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá na èèyàn lójú pópó, òun gan-an ni ọlọ́pàá máa mú.